Iyanrìn Ti Bo Yánrin ní Pápá Àjàó

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà mi rán àbúrò mi pé kó lọ já yánrin wá lẹ́yìnkùlé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà tó sì máa dé, abọ́ iyanrìn ló gbé dání, ó kún dẹ́nu. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n fa èmi náà, wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dagun, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n já ewé kan, wọ́n sì fi ojú ibi tó ti já hàn wá. Oje funfun ń yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ọyàn.

"Èyí tó bá ń sun wàrà báyìí ni yánrin," ni wọ́n wí. "Èyí tí ẹ fi ń ṣeré nínú eruku, iyanrìn nìyẹn."

Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ilé ìwẹ̀ yẹn kò sí mọ́. Ilẹ̀ tó dagun náà kò sí mọ́, wọ́n ti da iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì bò ó. Níbi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni wọ́n tò síbẹ̀ lónìí, ọ̀kan lórí èkejì, epo dúdú ń kán sílẹ̀ lábẹ́ wọn.

Pápá Àjàó ni orúkọ àdúgbò wa. Yorùbá kì í sì í pe ibi tí igbó ti dí ní pápá. Ibi tí koríko wà, tí ojú ríran jìnnà, ni pápá. Mushin tí a wà lábẹ́ rẹ̀ náà, àwọn àgbà máa ń sọ pé igi iṣin ló bí orúkọ náà, pé àwọn èèyàn máa ń wá síbẹ̀ wá mú iṣin. Koríko àti igi ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ yìí lórúkọ kí ó tó di ohun tó dà. Títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Mushin wà. Títí tí ìyá àgbà mi fi kú, tí wọ́n bá ń lọ sí Ìdúmọ̀tà, "Mò ń lọ sí Èkó" ni wọ́n máa ń sọ. Lójú tiwọn, ibi tí a wà yìí, oko etílé ni.

Àwọn ọdún 1980 ni mo mọ̀ dáadáa. Ilé ti pọ̀ nígbà náà, àwọn oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò náà sì ti wà, ṣùgbọ́n láàárín ilé kan sí èkejì ilẹ̀ ṣì wà. Ilẹ̀ tí baba onílẹ̀ kò tíì rí owó kọ́. Ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n kọ "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sára ògiri rẹ̀ tó ti ń wó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, koríko wà. Lẹ́bàá ojú irin tó ti dé Ìbàdàn láti 1901, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Agége kọjá, koríko wà, eèsún wà, àwọn ewúrẹ́ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, gbogbo ibẹ̀ á yọ òdòdó, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọ̀ ìyeyè ni.

Àwa ọmọdé mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ wa. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán wa ló kọ́ wa. Tí o bá já ewé mìíràn délé fún ẹlẹ́fọ̀ọ́, wàá padà lọ nínú oòrùn. Tí ọmọ kan bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, a mọ̀ pé yúnyun ni kí á wá, kí á gún un, kí á fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Òdòdó yúnyun jọ ti yánrin lókèèrè, ṣùgbọ́n ewé yúnyun le kúrókúró, ó ń ha ọwọ́, méjìméjì ló máa ń kọjú síra lára igi, tí o bá sì já a, kò sun wàrà. Awẹ́rẹ́pèpé tún wà, tí òdòdó rẹ̀ dà bíi bọ́tìnnì kékeré tí kò ní etí, tí a máa ń jẹ lẹ́nu kí ahọ́n wa lè máa ta wá ṣìnṣìn. Èyí tó ga, tó sì fi òdòdó ńláńlá bo ẹ̀gbẹ́ títì, tí àwọn kan ń pè ní jógbo, ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti wá. Ó ti wá di ará ilé tán. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, àti ewúro, àti imí eṣú, àti ẹ̀búrẹ́, àti wọ̀rọ̀wọ́, títí dé létísì tí à ń gé sí sáláàdì ọjọ́ Kérésìmesì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yánrin ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti wá pọ̀ ju àwọn tó mọ ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ṣì kéré, kò ní igi. Ewé rẹ̀ ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ yíká ojú kan, bí ẹni tẹ́ ẹní róbótó. Ewé náà gùn, ó fẹ̀ lápá òkè, ó sì tín-ín-rín wá sí ìdí; etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn tí kò dọ́gba. Tó bá gbó, igi kan yóò ta sókè láàárín ewé wọ̀nyí. Igi yìí lè ga dé àyà àgbàlagbà, yóò sì pẹ̀ka, orí àwọn ẹ̀ka yìí sì ni òdòdó ti ń yọ, kéékèèké, wọ́n pọ̀.

Òwúrọ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa wò ó, nígbà tó bá là dáadáa. Ẹ mú ẹyọ òdòdó kan, kí ẹ ya á sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ pè ní òdòdó kan, agbo òdòdó ni. Ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan jẹ́ odindi òdòdó fúnra rẹ̀, ó ní ìdí tirẹ̀ tí èso tirẹ̀ yóò ti wá, ẹnu rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ márùn-ún tí ojú lè rí tí ẹ bá gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀. Ti yúnyun kì í ṣe bẹ́ẹ̀: yúnyun ní àwọn tó fẹ̀ ní etí, ó ní àwọn tó dà bí ọ̀pá kékeré láàárín. Ní ti yánrin, gbogbo wọn ló fẹ̀, láti etí dé àárín. Bí òdòdó bá gbẹ tán, òwú funfun ni yóò kù, èso tín-ín-tìn-tín so mọ́ ìdí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. A máa ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Bó ṣe ń dé gbogbo àkìtàn àti ẹ̀bá ọ̀nà nìyẹn láìsí ẹni tó gbìn ín.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Launaea taraxacifolia. Nígbà kan rí, abẹ́ Lactuca ni wọ́n kà á sí, ìyẹn ẹ̀ka tí létísì wà nínú ìdílé náà. Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí wàrà ni Lactuca ti jáde. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ Látìn, wọn kò lọ sílé ìwé rárá, ohun kan náà ni wọ́n sì fi dá ewé yìí mọ̀ fún wa lẹ́yìn ilé ìwẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì wá kí mi. A jọ ń rìn lọ sọ́nà Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò àdúgbò wa, nígbà tí mo dúró lójijì. Ọgbà irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi yí tiransifọ́mà ká. Kò sẹ́ni tó lè kọ́lé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kó ẹrù síbẹ̀, iná á gbé onítọ̀hún. Láàárín òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọgbà náà, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè mẹ́rin là sílẹ̀. Ẹ̀ka kan yọ jáde láàárín irin sí ìta. Mo mú ewé kan lára rẹ̀, mo já a, ó sun wàrà.

Ọmọ náà yọ fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kí fóònù sọ ohun tó jẹ́.

"Àǹtí, dandelion ló pè é."

Mo ní, "Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nìyẹn, òun kọ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Dandelion ti àwọn Òyìnbó, igi òdòdó rẹ̀ kì í pẹ̀ka. Ihò wà nínú rẹ̀, kì í ní ewé lára, òdòdó kan ṣoṣo ló sì máa ń gbé rù. Tiwa ń pẹ̀ka, ó sì ń gbé òdòdó púpọ̀. Ewé wọn ló jọra, ohun tí taraxacifolia sì ń wí nìyẹn: ewé bíi ti dandelion. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní London sọ fún mi pé òun máa ń já dandelion nínú ọgbà òun tí òtútù bá ti ń lọ, òun á sì fi ẹ̀gúsí sè é, òun á máa pè é ní yánrin fún àwọn ọmọ òun. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó wà lájò mọ ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ewé ọwọ́ mi títí. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé èyí tí Mọ́mì fi ń se ẹ̀gúsí ni?"

Òun nìyẹn. Ọmọ tó ti jẹ yánrin láti kékeré, tó mọ̀ pé ó dùn pẹ̀lú iyán, pẹ̀lú irú, pẹ̀lú pańla, kò rí i rí níbi tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gígé ló mọ̀ ọ́n sí. Ohun tó ń dùn mí nínú àyípadà Pápá Àjàó nìyẹn, ó sì ju ti ilẹ̀ tó lọ. Mi ò ní kí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì kúrò kí koríko lè hù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jáde yunifásítì látinú owó ọjà Ládípọ̀, bàbá tó ń tú gíà lábẹ́ oòrùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Ìlú á máa gbòòrò. Ṣùgbọ́n ojú tí èèyàn fi ń mọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì, kò yẹ kí ó bá ilẹ̀ lọ, nítorí ojú kò gba ààyè kankan.

Mo lọ sí ọjà Ojúwòyè lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn. Tẹ̀tẹ̀ wà níwájú wọn, ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ wà, ewédú wà, ugu wà ní òkìtì.

"Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ ò gbé yánrin wá?"

"Ọkọ mi, ó ṣe díẹ̀. Àwọn tó ń kó o wá látòkè kì í kó o wá mọ́ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ò rà á, wọ́n ní ó korò."

"Ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

"Àwa kẹ̀? Ẹni bá mọ̀ ọ́n bọ̀, kò lè korò fún un."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù, ẹ fún un dáadáa kí omi ìkorò yẹn jáde, kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Ìkorò díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, òun ni adùn rẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ títí kò fi korò rárá mọ́, ewé lásán ló ń jẹ.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn aládùúgbò wa ní orílẹ̀-èdè Benin kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Yantoto ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn olùgbìn ẹ̀fọ́ sì ti mú un kúrò nínú igbó wọ inú ọgbà: wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà bí a ṣe ń gbé tẹ̀tẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ìdí-Iṣin ní Ìbàdàn ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún èso àti ẹ̀fọ́ wà láti 1975. Ẹ wo orúkọ náà, iṣin tún ni. Ní Èkó, àjọ LASPARK ti wà láti 2011 tó ń mójú tó ọgbà òdòdó káàkiri ìlú, 14 oṣù Keje ọdọọdún sì ni ọjọ́ igi gbígbìn. Iṣẹ́ rere ni, mo sì ń kí wọn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ibi tí mo ti rí òdòdó tí wọ́n gbìn sí ẹ̀bá títì, mi ò tíì rí yánrin tàbí yúnyun tó kù sílẹ̀ ní igun kan kí ọmọdé lè wò ó. Òdòdó tó hù fúnra rẹ̀, tí kò náni ní kọ́bọ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi àdá gé.

Ojú irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Agége náà ti yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line, ibùdó kan sì wà fún un ní Mushin. Láti oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló ti ń gbé èrò. Mo ti wọ̀ ọ́, ó yá, ó mọ́. Ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin báyìí nítorí ààbò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ náà ni mo ti rí koríko tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òkúta, ó kọjá kí n tó mọ ohun tó jẹ́.

Mo padà lọ síbi tiransifọ́mà. Mi ò wọ inú ọgbà náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹ̀ka tó yọ síta ni mo mú, tó ní òwú funfun lórí. Mo gbin èso rẹ̀ sínú rọ́bà pẹ́ńtì, kò hù. Mo ti sin ín jìnnà jù. Èso tó tín-ín-rín báyẹn, orí ilẹ̀ ló yẹ kí èèyàn wọ́n ọn sí, kí ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Nígbà tó yá ni mo rántí bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe. Wọn kì í wá èso kiri. Gbòǹgbò yánrin máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ó ń ta ọmọ níbi tó bá dé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ wa ilẹ̀, wọ́n á gé gbòǹgbò tó gùn bí ìka, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tó rọ̀, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Mo rí gbòǹgbò gbà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí ẹni tó ń kó o wá bá mi hú u tìdítìdí. Kò tó oṣù kan tó fi yọ.

Ilẹ̀ tí ẹ bá máa lò ṣe pàtàkì o. Ẹni tó bá ń gbé láyìíká wa kò gbọdọ̀ bu ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Epo ẹ́ńjìnnì àti òjé inú bátìrì ti wọ inú rẹ̀ lọ, ewé ẹ̀fọ́ sì máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Nítorí ìdí kan náà ni kí ẹ má ṣe já yánrin ẹ̀bá títì jẹ, bó ti wù kó tutù tó. Ilẹ̀ dúdú láti ibi tó mọ́, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, àti iyanrìn díẹ̀ kí omi má baà dúró: ohun tí mo pò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, iyanrìn. Mo rántí àbúrò mi lọ́jọ́ tí mo ń bù ú sínú rọ́bà. Ẹ dá ihò sí ìdí rọ́bà, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i. Ewé ẹ̀yìn ni kí ẹ máa já, ẹ fi ti àárín sílẹ̀. Tó bá ta igi òdòdó, tó bá jẹ́ pé ewé ni ẹ fẹ́, ẹ gé igi náà, nítorí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í le, á sì korò sí i. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọ̀kan sí kó yọ òdòdó.

Rọ́bà mẹ́fà ló wà lórí bálíkónì mi báyìí, ní àjà kejì, wọ́n kọjú sí ibi tí àwọn ẹ́ńjìnnì wà. Ní oṣù tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún wá, òun fúnra rẹ̀ ló já ẹ̀fọ́ tí a sè. Gbòǹgbò ti kún inú rọ́bà méjì, mo ní láti pín in. Ẹni tó bá wà ní tòsí, tó sì fẹ́, kó gbé abọ́ dání wá. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ lè bá òdòdó rẹ̀ níbi tó ti là.